Dressing búrẹ́dì àgbàdo fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́: àwọn àna mi ń bọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Houston (Ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́ (Thanksgiving), ilé mi sì ni a ti máa jẹun lọ́dún yìí. Ọmọkùnrin mi àgbà gbéyàwó nínú oṣù Kẹfà. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni ìyàwó rẹ̀, ará Alabama ni ìdílé wọn. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ń bọ̀ wá jẹun nílé mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo wa á jẹ́ mẹ́rìnlá.

Tòlótòló kò bà mí lẹ́rù, ìrẹsì kò bà mí lẹ́rù. Dressing ló wà lọ́kàn mi, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo rírún tí wọ́n fi omi ẹran pò, tí wọ́n sì yan nínú oven. Ìyàwó ọmọ mi fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Mọ́mì, lọ́dọ̀ tiwa, bí kò bá sí dressing lórí tábìlì, a ò tíì jẹun nìyẹn." Ó ní ìyá òun lè sè é wá. Mo ní rárá o. Ọmọbìnrin yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà lọ́wọ́ mi, àmàlà rẹ̀ kì í sì í ní kókó. Èmi náà fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ rí i pé mo kọ́ oúnjẹ tiwọn.

Mo dán an wò ní Sátidé. Mo ra ìyẹ̀fun àgbàdo, mo fi ṣe búrẹ́dì, mo rún un, mo po ó mọ́ àlùbọ́sà, celery, ẹyin àti omi ẹran, mo wá gbé e sínú oven. Òkè rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ sì rí bí ẹ̀kọ tó dì. Òórùn rẹ̀ pàápàá kò jọ ti àgbàdo tí mo mọ̀, ó ń ta sánsán bíi ti tọ̀tíyà àwọn ará Mẹ́síkò. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwọ̀n sí i. Ojú ni mo fi ń wọn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì mọ èyí.

Alásè_Atlanta (Ọjọ́ Ajé, 8:03 alẹ́)

Ẹ kú ìmúra mà, ẹ sì kú oríire ìyàwó. Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mo ń ṣe ní Atlanta, láti oṣù Kẹwàá títí di Kérésìmesì, dressing ni àwọn oníbàárà mi ń béèrè jù.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ lọ wo àpò ìyẹ̀fun yẹn. Kí ni wọ́n kọ sí i lára?

ÌyáÌbejì_Houston (Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́)

Mo ti wò ó. *Masa harina* ló wà lára rẹ̀. Orí pẹpẹ kan náà ni gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwòrán àgbàdo ló sì wà lára àpò.

Alásè_Atlanta (Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́)

Òun ló fa òórùn yẹn mà. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ se àgbàdo *masa* nínú omi tí wọ́n fi èròjà kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi kánún sí, kí èèpo rẹ̀ lè bó, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ohun tó mú kó dì mọ́ra tí wọ́n fi lè tẹ́ ẹ ní tọ̀tíyà náà ló mú kí dressing yín dì bí ẹ̀kọ. Ẹ má dà á nù, ó wúlò fún nǹkan míì. Èyí tí ẹ fẹ́ ni *cornmeal* lásán: àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, tó rí wóró-wóró díẹ̀ lọ́wọ́ bíi gàrí Ìjẹ̀bú tó kúná. Àwọn ará Alabama fẹ́ràn funfun ju pupa lọ. Bí ẹ bá rí *self-rising* lára àpò, ó túmọ̀ sí pé bekin páúdà àti iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ má tún fi sí i.

Mo ń bọ̀ wá kọ ìwọ̀n rẹ̀, mo ní nǹkan lórí iná.

Ọ̀dọ́_Dallas (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Alásè, ògì gbígbẹ ló kún kọ́bọ́ọ̀dù mi. Àgbàdo ṣáà ni òun náà. Ṣé kò lè ṣe é?

Alásè_Atlanta (Ọjọ́ Ajé, 9:55 alẹ́)

Kò lè ṣe é, àbúrò. A ti rẹ ògì, ó ti kan, a sì ti sẹ́ èérí rẹ̀ kúrò. Èyí tó dúró sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi ló kù, ìyẹn ni kì í fi í rún wẹ́wẹ́ bó bá jiná, ńṣe ló ń yọ̀. Ìyẹ̀fun túwó àgbàdo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó kúná jù, búrẹ́dì rẹ̀ á dì pọ̀.

Ìyá Ìbejì, ó yá. Ẹ ṣe búrẹ́dì náà ní ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, ẹ má dúró de Ọjọ́rú.

Ìyẹ̀fun àgbàdo funfun, ife 2. Fláwà, ààbọ̀ ife. Bekin páúdà, ṣíbí ìjẹun 1. *Baking soda*, ààbọ̀ ṣíbí tíì. Iyọ̀, ṣíbí tíì 1. Ẹyin 2. *Buttermilk*, ife 2. Bọ́tà yíyọ́, ṣíbí ìjẹun 4. Bí kò bá sí *buttermilk*, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan sínú ife wàrà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kíkan yẹn ló ń jí *soda* dìde, tí búrẹ́dì fi ń wú. Wàrà lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Páànù irin dúdú tó wúwo, oní-íńṣì 10, ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọ̀rá díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú oven ní 425°F kó gbóná dáadáa kí ẹ tó da èyí tí ẹ pò sí i. Ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà bí ìgbà tí àkàrà bá kan epo. Ariwo yẹn ni yóò fún yín ní èèpo pupa tó máa ń le díẹ̀ lábẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 25, ó ti jiná.

Bó bá ti tutù, ẹ rún un, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù gbẹrẹsẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Bí àkókò kò bá sí, ẹ tún gbé e padà sínú oven ní 250°F fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí ẹ máa rò ó. Mo rò pé níbí gan-an ni ti Sátidé ti bàjẹ́ yàtọ̀ sí ti *masa*. Búrẹ́dì tútù ti ní omi tirẹ̀ nínú, kò sí àyè tí omi ẹran máa wọ̀. Èyí tó gbẹ ni yóò mu ún bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu òjò.

Lọ́la ni n ó kọ ti dressing fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú.

Alhaja_Maryland (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Àsàláàmù àlékùm. Ọ̀rá wo lẹ ń sọ o, Alásè? Nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí páànù yẹn ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù bíi Alabama.

Alásè_Atlanta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀)

Òótọ́ ni Alhaja, *bacon* ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bọ́tà tàbí òróró lásán ń ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ adùn èéfín yẹn, apá tòlótòló yíyan ni kí ẹ sè fún omi ẹran, ẹ ra ti halal. Kí ẹ sì máa ka ẹ̀yìn páálí àwọn àpòpọ̀ búrẹ́dì àgbàdo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nínú àwọn kan nínú wọn rí.

Tèmi_Birmingham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Birmingham ti Alabama ni mo ń gbé, kì í ṣe ti London òun Manchester. Ọmọ ibí ni ọkọ mi, ó sì di ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń bá ìyá rẹ̀ dáná ní ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣúgà sí i.

Ọ̀dọ́_Dallas (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀)

Ṣùgbọ́n Jiffy, àpòpọ̀ búrẹ́dì àgbàdo inú páálí yẹn, dùn, ó sì ní ṣúgà. Gbogbo ibi tí mo ti jẹ búrẹ́dì àgbàdo ló ní ṣúgà nínú.

Ìyáalé_Chicago (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀)

Ṣúgà wà nínú ti àwọn dúdú Chicago o. Mississippi ni àwọn òbí àwọn aládùúgbò mi ti wá, ṣúgà wà nínú tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kì í ṣe ojúlówó.

Tèmi_Birmingham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:34 àárọ̀)

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyáalé. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ilé kan á fi ẹyin sísè sínú dressing, òmíràn á fi ìdílé bú ẹni tó bá dán an wò. Àwọn kan ń fi adìẹ ya sí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí Ìyá Ìbejì má gbọ́ tèmi, kó má gbọ́ ti Chicago. Kó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó. Oúnjẹ ìyá àgbà ló fẹ́ sè, kì í ṣe oúnjẹ Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jinlẹ̀ lọ́kàn mi. Àgbàdo tí a ń pè ní tiwa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí ló ti wá; ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé e dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú wá síbí, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń wọ̀n fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń yan án nínú eérú, wọ́n ń yan án lórí irin. Búrẹ́dì tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á rún un sínú páànù, wọ́n á fi ọ̀rá àti àlùbọ́sà dín in. *Kush* ni ìyá ọkọ mi ń pè é, ó sì sọ fún mi pé ibẹ̀ ni dressing ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé wọn. Nítorí náà bí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún bá jókòó ti àwo dressing, kì í ṣe oúnjẹ ọdún lásán ló wà níwájú rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn wú mi lórí gan-an.

ÌyáÌbejì_Houston (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán)

Tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mo ti pe ìyàwó. Kò sí ṣúgà. Ìyẹ̀fun funfun. Ẹyin sísè kò sí ńbẹ̀, ẹran kò sí ńbẹ̀, ó ní "sage púpọ̀," ewé olóòórùn kan tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ. Mo béèrè pé báwo ni púpọ̀ ṣe tó, ó ní òun ò mọ̀, òórùn rẹ̀ ló máa ń jí àwọn lójú oorun.

Sage yìí nìkan ló kù tó ń rú mi lójú. Ewé efinrin wà lẹ́yìnkùlé mi, ṣé mo lè fi díẹ̀ kún un?

Alásè_Atlanta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà. Mo ti dán an wò fún àwọn ará wa, ó dùn, ṣùgbọ́n òórùn efinrin sún mọ́ ti táìmù ju ti sage lọ, yóò sì bo sage mọ́lẹ̀. Kọ́rì náà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Máàgì náà. Omi ẹran tí ẹ máa lò, apá àti ọrùn tòlótòló, àlùbọ́sà, igi celery méjì, iyọ̀ díẹ̀, kó hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ ní òórùn ọbẹ̀ ata.

Ó yá, ti dressing fún páànù tó fẹ̀ ní íńṣì 9, tó gùn ní íńṣì 13:

Búrẹ́dì àgbàdo gbígbẹ yẹn, gbogbo rẹ̀. Búrẹ́dì funfun tó ti gbẹ, gígé wẹ́wẹ́, ife 4. Fláwà inú búrẹ́dì funfun ló ń di gbogbo rẹ̀ mú, nítorí àgbàdo kì í fà. Bọ́tà igi kan, ìyẹn ààbọ̀ ife, ni kí ẹ fi dín àlùbọ́sà ńlá 2, igi celery 5 àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé 1, gbogbo rẹ̀ gígé kéékèèké. Kí iná má pọ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún un, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, títí celery á fi rọ̀. Bí celery bá ń dún lẹ́nu lẹ́yìn tí dressing jiná, kò sí àtúnṣe mọ́.

Ẹ da sage tútù gígé ṣíbí ìjẹun 3 sínú bọ́tà gbígbóná yẹn ní ìgbẹ̀yìn, pẹ̀lú táìmù ṣíbí tíì 1 àti ata dúdú gígún ṣíbí tíì 1. Bó bá jẹ́ gbígbẹ, ẹ dín in kù sí ṣíbí ìjẹun 1. Ẹ pò ó mọ́ búrẹ́dì. Ẹ wá máa bu omi ẹran lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ife 4 ná. Ẹ tọ́ ọ wò báyìí kí ẹyin tó wọ̀ ọ́, nítorí bí ẹyin tútù bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ ò lè tọ́ ọ wò mọ́. Iyọ̀ tó bá kù ńkọ́, ìgbà yìí ni. Lẹ́yìn náà ẹyin 3 tí ẹ ti lù. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó mu omi, kí ẹ tún wò ó. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ẹ̀bà lọ dáadáa, kó ki díẹ̀ ju mọ́ínmọ́ín tí a fẹ́ bù sínú ewé lọ. Gbogbo ẹni tó ń sè é fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù omi máa ń bà. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

350°F, ẹ fi fóìlì bò ó fún ìṣẹ́jú 30, ẹ wá ṣí i fún 20 sí 30 míì kí òkè rẹ̀ pọ́n.

BàbáDámilọ́lá_NJ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ò fi kì í sínú tòlótòló gan-an? Mo rí i nínú fíìmù, mo rò pé inú ẹran ló ń wà.

Nọ́ọ̀sì_Minnesota (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyàtọ̀ orúkọ náà nìyẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, sà: èyí tó wọ inú ẹran ni stuffing, èyí tó wà nínú páànù ni dressing. Àwọn ará Gúúsù a sì máa pe méjèèjì ní dressing.

Mo bẹ yín, ẹ fi sínú páànù. Omi ara ẹran tí kò tíì jiná ń ro sínú búrẹ́dì tó wà láàárín rẹ̀, àárín yẹn ló sì ń gbóná kẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ dé 165°F, ìyẹn 74°C, kí kòkòrò inú rẹ̀ tó kú. Nígbà tí yóò bá fi dé ibẹ̀, àyà tòlótòló ti gbẹ kankan. Mo ti tọ́jú ẹbí kan tó jẹ irú rẹ̀ láìjiná, ọmọdé ló ń dà lójú mi jù nínú wọn. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ ẹran láti fi wo ooru, kò wọ́n. Inú páànù náà, ẹ tì í bọ àárín rẹ̀: 165.

Kí ẹ má sì gbàgbé tòlótòló tó dì. Pọ́n-ùn 4 sí 5 ló ń yọ́ láàárín ọjọ́ kan nínú fíríìjì. Ti pọ́n-ùn 16, láti alẹ́ Sátidé tàbí àárọ̀ Sunday ni kó ti kúrò nínú firísà. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí tábìlì mọ́jú.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham (Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀ London)

Ẹ káàárọ̀ láti London. Kérésìmesì ni tiwa níbí, sage òun àlùbọ́sà pẹ̀lú búrẹ́dì funfun rírún, àwọn mìíràn ń fi ẹran sọ́séèjì pò ó. A máa ń ká a róbótó róbótó, a sì ń yan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Ìmọ̀ràn kan ni mo mú wá: búrẹ́dì Agége ni mo ń lò. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ̀ fláwà pípò rẹ̀ títí á fi fà. Nítorí bó ṣe ki tó yẹn, bí ẹ bá gé e, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, ó máa ń mu omi láìjẹ́ pé ó di pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Ẹ̀yin náà ń rí i rà ní Houston.

Ìyáalé_Chicago (Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀)

Ṣùgbọ́n ó ní ṣúgà nínú, Àbẹ̀kẹ́. Ìyá àgbà ò fẹ́ ṣúgà.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham (Ọjọ́rú, 2:15 ọ̀sán London)

Òótọ́ lẹ sọ mà. Mo gbàgbé ìyẹn. Ó dára fún ti ara wa nìyẹn.

Ará_Salvador (Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀)

Mo ń kà yín láti Bahia. Ní Brazil, wọ́n máa ń fi *farofa* kún inú tòlótòló Kérésìmesì: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi bọ́tà yan pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ẹ̀dọ̀ òun iwe tòlótòló náà, àwọn kan ń fi èso àjàrà gbígbẹ sí i. Ó jọ gàrí, kàn kì í kan bíi tiwa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, ilé ni ọkàn mi lọ tààrà.

ÌyáÌbejì_Houston (Sunday, 9:40 alẹ́)

Mo ti tún un dánwò lónìí, ìdajì ìwọ̀n. Páànù irin náà dún ṣàà! Búrẹ́dì náà rún bó ṣe yẹ, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ti àgbàdo. Ife omi ẹran méjì ni mo fi sí i, inú rẹ̀ rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa ṣùgbọ́n ó ṣì gbẹ díẹ̀ lójú mi. Bàbá Ìbejì jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ata dà?" Ó ní kí n fi ata rodo sí ti Ọjọ́bọ̀, pé kí àwọn àna náà tọ́ ọwọ́ wa wò.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Tèmi_Birmingham (Sunday, 10:05 alẹ́)

Ẹ gbé ata sínú àwo lọ́tọ̀ mà. Bí ọmọ yẹn bá kọ́kọ́ ro àmàlà fún yín tó wá fi wàrà sí i kó lè jẹ́ tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí lára yín? Ẹ sè é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ná. Mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì yín yóò wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tọ́ ọwọ́ yín wò.

Alhaja_Maryland (Sunday, 10:21 alẹ́)

Mo fara mọ́ Tèmi.

ÌyáÌbejì_Houston (Sátidé, 10:50 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti sinmi, mo lè jábọ̀ fún yín báyìí.

Ìyá àgbà dé láago kan ọ̀sán. Mi ò tíì gbé dressing wọ oven, páànù wà lórí tábìlì ìdáná, ó ń mu omi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá ní ìdáná, ó wo inú páànù, kò sọ nǹkan kan. Ó lọ fọ ọwọ́. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un. Kò sí omi tó yọ láàárín ìka rẹ̀. Ó mi orí, ó ní kí n fún òun ní omi ẹran. Ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pò ó, ó tún fún un, títí omi fi ń yọ láàárín ìka rẹ̀ tó sì ń ro. Ó ní, "Báyìí." Ó mú ọwọ́ tèmi bọ inú rẹ̀ kí n lè mọ̀ ọ́n lára. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi láti gbẹ búrẹ́dì náà tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un nípa yín. Ó ní orí fíríìjì ni ìyá òun máa ń tẹ́ tiẹ̀ sí, tí wọ́n á fi aṣọ bò ó kí àwọn ọmọ má bàa máa jẹ ẹ́.

Nígbà tí a jókòó, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní sage náà kù díẹ̀. Ìyá ìyàwó kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, ó wá na ọwọ́ sí mi lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ mi mú. Àtàrí mi wú. Mọ́ínmọ́ín náà tán kí àwọn ọmọ mi tó dé ibẹ̀, ìyá àgbà fi omi ẹran kíki tí wọ́n ṣe fún tòlótòló sórí tirẹ̀. Ata rodo wà nínú àwo lọ́tọ̀, Bàbá Ìbejì àti bàbá ìyàwó ló pín in jẹ.

Alásè, Tèmi, Nọ́ọ̀sì, gbogbo yín, ẹ ṣeun. Ọlọ́run yóò máa fi ayọ̀ kún ilé yín.

Alásè_Atlanta (Sátidé, 11:15 àárọ̀)

Ẹ̀kúnwọ́ tó fún yẹn, mo ti gbà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fi ojú wò ó.

Ọ̀dọ́_Dallas (Sátidé, 11:32 àárọ̀)

Mọ́mì Ìbejì, mo fẹ́ sè é ní Kérésìmesì. Ife mélòó ni omi ẹran jẹ́ nígbẹ̀yìn? Èyí tó bá sì ṣẹ́kù ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Houston (Sátidé, 11:50 àárọ̀)

Ife 4 tèmi, pẹ̀lú èyí tí ìyá àgbà bù sí i, yóò tó ife 5 àbọ̀. Sage, kí o ṣe é ní ṣíbí ìjẹun 4. Èyí tó ṣẹ́kù, mo gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì, a ò sì ní fi í pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Láàárọ̀ yìí mo gé e pẹlẹbẹ, mo fi bọ́tà dín in lójú páànù irin yẹn títí èèpo rẹ̀ fi le, mo fi ẹyin díndín lé e lórí. Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́ mi. Ó kù gígé méjì.